Ìwé Ẹ̀rí Ìbí Wa Kò Sí ní Íjíbítì



Ní ọ̀sẹ̀ Ifá kan láìpẹ́ yìí ní Ìkọ̀lé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún kan tí ó tẹ Ifá ni ó kàn láti júbà. Ó júbà Olódùmarè, ó júbà ilẹ̀, ó júbà àwọn awo àtijọ́. Kí a tó wí pé kí ìbà rẹ̀ ṣẹ, ó ti fi orúkọ mẹ́rin mìíràn kún un: Ausar, Auset, Heru, Tehuti. Àwọn àgbà wo ojú ara wọn. Ìyánífá kan tí orí rẹ̀ ti funfun bi í léèrè pé, "Ọmọ mi, ìlú wo ni àwọn baba tí o júbà fún yìí ti wá?" Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, Kemet ni, ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́. Ibẹ̀ ni Ifá ti wá. Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì." Kò sí ẹni tó bá a wí. A bá ètò lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí léèrè, nítorí pé awo ni mí, mo sì tún ń fi ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ṣe iṣẹ́ olùkọ́: ṣé lóòótọ́ ni pé Íjíbítì ni a ti wá?

N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti fi ọmọ náà ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tó mú un sọ bẹ́ẹ̀ yé mi. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé inú òkùnkùn ni baba ńlá òun wà, pé igi àti òkúta ni wọ́n ń bọ, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ lọ́jọ́ kan pé àwọn tó kọ́ pírámíìdì ni baba òun, àyà rẹ̀ yóò le, orí rẹ̀ yóò sì wú. Ìtìjú tí wọ́n dì lé e lórí ni ó ń wá ibi sọ̀ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n oògùn tí a lò fún àrùn tí kì í ṣe tiwa lè sọ wá di aláìsàn. Ìdí nìyí tí olóòtú fi ní láti sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa: ta ni ó sọ fún wa pé ìlà-oòrùn ayé ni a ti ṣí wá? Kì í ṣe Ifá. Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá tí a jogún, Ilé-Ifẹ̀ ni ayé ti bẹ̀rẹ̀; ibẹ̀ ni wọ́n ti da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi, ibẹ̀ ni àwọn irúnmọlẹ̀ ti ta ẹ̀wọ̀n rọ̀ sí. Ẹni tí a mọ̀ pé ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ni Muhammad Bello, ọmọ Usman dan Fodio, nínú ìwé rẹ̀ Infaq al-Maysur ní ọdún 1812. Ó ní àwọn ará Yorùbá jẹ́ ìyókù àwọn ọmọ Kénáánì, ìran Nímírọ́dù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àlùfáà Samuel Johnson dé. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Johnson ròyìn ìtàn Lámúrúdu àti Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ó tún un ṣe: ó ní apá òkè Íjíbítì tàbí ilẹ̀ Núbíà ni a ti wá, ó sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí a ti mọ nǹkan nípa ẹ̀sìn Kírísítì níbẹ̀. Ní ọdún 1948 ni Àlùfáà J. Olumide Lucas tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn àwọn Yorùbá jáde ní Èkó. Ó to orúkọ òrìṣà wa àti orúkọ àwọn ọlọ́run Íjíbítì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì ní ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ ṣàkíyèsí àwọn mẹ́ta yìí. Onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ọ̀kan, àlùfáà ìjọ ni àwọn méjì. N kò sọ pé ènìyàn búburú ni wọ́n. Láìsí Johnson, ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa ogun àti ìjọba ọ̀rúndún kọkàndínlógún ìbá ti bọ́ sọnù. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán ayé tí wọ́n ní lọ́kàn, àárín gbùngbùn ayé ni Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù. Bí ìran kan yóò bá jẹ́ ìran ńlá, ó ní láti jẹ́ pé ìtòsí ibẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀. Nítorí náà, oníṣẹ̀ṣe tí ó ń wí lónìí pé òun ti já ara òun gbà lọ́wọ́ ẹ̀sìn àjèjì, tí ó sì sá lọ sí Íjíbítì láti lọ wá baba, ojú ọ̀nà tí àwọn aláàfáà àti àlùfáà là sílẹ̀ ni ó ṣì ń tọ̀. Bọ́lájí Ìdòwú, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, rí àléébù yìí. Nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962, ó ta ko ọ̀nà tí Lucas gbà ń fa ọ̀rọ̀ ya kí ó lè bá ti Íjíbítì mu.

Ọ̀nà Cheikh Anta Diop, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, yàtọ̀ sí tiwọn. Nígbà tí ó kọ ìwé rẹ̀ ní 1954, àwọn òyìnbó ń sọ pé aláwọ̀ funfun ló kọ́ Íjíbítì, pé ènìyàn dúdú kò dá ohunkóhun sílẹ̀ rí. Diop dìde sí irọ́ náà. Ní ìpàdé tí àjọ UNESCO pè ní ìlú Káírò ní 1974, òun àti Théophile Obenga dúró láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé, wọ́n sì gbèjà Áfíríkà. Ọ̀wọ̀ ni fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Diop kan orí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ìwé Lucas ni ó gbára lé. Bí ìpìlẹ̀ bá wọ́, ilé tí a kọ́ lé e lórí kò lè ṣe déédéé, ẹni yòówù tí ìbáà kọ́ ọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n fi ojú iṣẹ́ mi wò ó. Kí a tó lè sọ pé èdè méjì bára tan, kò tó pé ọ̀rọ̀ kan jọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ọmọ Mbabaram wà ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Orúkọ tí wọ́n ń pe ajá ni dog, bí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é gan-an. Kò sí ẹni tó lè sọ nítorí èyí pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, èèṣì ni. Ohun tí a ń wá ni ìbáramu tó ń tẹ̀lé òfin, tí ó ń hàn léraléra nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́: iye, ẹ̀yà ara, omi, iná, ikú. Ẹ wo Yorùbá àti Ígálà. A ní ẹ̀ta, wọ́n ní ẹ́ta. A ní ẹ̀fà, wọ́n ní ẹ́fà. A ní ẹ̀rin, wọ́n ní ẹ́lẹ̀. A ní àrún, wọ́n ní ẹ́lú. Níbi tí àwa ti pe r nínú méjèèjì yìí, l ni tiwọn. Ìyẹn ni òfin. Ìyẹn ni ẹ̀rí ìbátan.

Ẹ wá wo èdè Íjíbítì àtijọ́. Ẹ̀rin ni wọ́n ń kọ ní f-d-w. Haúsá ní huɗu, àwọn ará Sókótó sì ní fuɗu. Kíkú ni wọ́n ń kọ ní m-w-t. Haúsá ní mutu, Lárúbáwá ní mata. Àwa ní kú. Bí a bá ń wá ìbátan èdè Íjíbítì ní Nàìjíríà, ẹnu ọ̀nà Haúsá ni kí a kàn, kì í ṣe ti Yorùbá. Láti ìgbà tí Joseph Greenberg ti to àwọn èdè Áfíríkà sí ẹbí ní 1963 ni àwọn onímọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan lórí èyí: Íjíbítì àtijọ́ àti Haúsá wà nínú ẹbí Afro-Asiatic, Yorùbá, Ígálà, Ìgbò àti Ẹ̀dó wà nínú ẹbí Niger-Congo.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Àwọn akọ̀wé Íjíbítì àtijọ́ kì í kọ fáwẹ̀lì sílẹ̀, kọ́ńsónáǹtì nìkan ni. Orúkọ tí ọmọ wa pè ní Ausar, w, s, i, r ni wọ́n kọ. Ọ̀mọ̀wé òde òní ló fi fáwẹ̀lì há a láàárín kí ó lè ṣeé pè. Ẹni tó bá sì fi Horus wé Òrìṣà nítorí s tó wà nínú méjèèjì, kí ó mọ̀ pé àwọn ará Gíríìkì ló fi s náà sí ìparí orúkọ. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú èdè tiwa, fáwẹ̀lì àti ohùn ni ó ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ àti ọkọ. Báwo ni a ṣe lè mú èdè tí a kò mọ fáwẹ̀lì rẹ̀ dájú, kí a fi wé èdè tí fáwẹ̀lì àti ohùn rẹ̀ jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀, kí a sì fi ìyẹn pa ìtàn Ilé-Ifẹ̀ rẹ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe pé Íjíbítì kì í ṣe ti Áfíríkà. Odò Náílì kò sí ní Yúróòpù. Ẹbí Afro-Asiatic fúnra rẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀ wà. Ohun tí mo ń sọ ni pé aládùúgbò lè jẹ́ ẹni iyì láìjẹ́ pé òun ni ó bí wa. Àwa náà kò sì jókòó lásán kí ẹnì kan tó wá kọ́ wa. Ní 1987, darandaran kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna ní Ìpínlẹ̀ Yobe, ó kan ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi. Ọkọ̀ náà ti tó 8,000 ọdún, ó ṣáájú ọba àkọ́kọ́ ní Íjíbítì ní bí 3,000 ọdún. Ní ihò òkúta Ìwó Elérú ní Ìsàrún, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá Èkìtì pààlà, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wú egungun ènìyàn kan ní 1965 tí ó ti ju 11,000 ọdún lọ. N kò ní Yorùbá ni ẹni náà ń sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé igbó yìí kò ṣófo nígbà náà. Nípa ti irin, ìwádìí fi hàn ní 2016 pé irin tó já bọ́ láti ojú ọ̀run ni wọ́n fi rọ ọ̀bẹ Tutankhamun, nítorí pé yíyọ́ irin kò tíì di iṣẹ́ àwọn ará Íjíbítì ní àkókò rẹ̀. Ní Taruga, tí kò jìnnà sí Àbújá, àwọn ènìyàn ti ń yọ́ irin nínú iléru láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yin ará Ìrè-Èkìtì, ẹ̀yin tí Ògún Onírè wọlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìlú Fáráò ni Ògún ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Kí wá ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí Íjíbítì ń ṣe lónìí? Ó yẹ kí a mọ̀, nítorí pé iṣẹ́ wọn ti kúrò ní ibi tí àwọn tó ń kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì fi í sí. Nígbà kan, ibojì ọba àti wúrà nìkan ni wọ́n ń wá. Lónìí, ilé àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń wú. Ní Gísà, Mark Lehner àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wú ìlú tí àwọn tó kọ́ pírámíìdì gbé: ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, egungun màlúù àti ti àgùntàn tí wọ́n jẹ. Ní 2013, Pierre Tallet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìwé páápírọ́ọ̀sì ní Wadi al-Jarf ní etí Òkun Pupa. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Merer ni. Ó kọ ọ́ lójoojúmọ́, ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, bí òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń fi ọkọ̀ ojú omi kó òkúta láti Tura lọ sí Gísà fún pírámíìdì Khufu. Merer kì í ṣe ọba, kì í ṣe àlùfáà. Olórí òṣìṣẹ́ tó mọ̀ pé ó yẹ kí a kọ iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀ ni, òun sì ni ó ń sọ fún ayé lónìí bí wọ́n ṣe kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní iṣẹ́ àràmàǹdà.

Wọ́n tún ń yẹ DNA wò. Ní 2017, wọ́n tẹ èsì jáde lórí àwọn òkú tí wọ́n sin sí Abusir el-Meleq. Àwọn kan sáré mú un láti fi sọ pé ènìyàn dúdú kò sí ní Íjíbítì. Ní 2025, wọ́n tẹ ti ọkùnrin kan jáde tí wọ́n sin sínú ìkòkò ní Nuwayrat ní ohun tó lé ní 4,500 ọdún sẹ́yìn: bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìran rẹ̀ jẹ́ ti àríwá Áfíríkà, ìyókù fara jọ ti àwọn ará Mesopotamia. Ẹ gbọ́ bí àwọn olùwádìí gidi ṣe ń sọ ọ́: itẹ́ òkú kan nìyí, ọkùnrin kan nìyí, kò lè sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilẹ̀ náà fún ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta. Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ awo nìyẹn. Awo kì í fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ṣe òpin odù.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ìmọ̀ Íjíbítì ní láti kọ́ wa, ẹyọ kan wà tó ń gba oorun lójú mi. Ní erékùṣù Philae, ní gúúsù Íjíbítì, tẹ́ńpìlì Isis kan wà tí ìjọba àwọn onígbàgbọ́ kò tètè rí tì pa. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 394, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Esmet-Akhom gbẹ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sára ògiri ní háyírógílífì. Lẹ́yìn tirẹ̀, a kò tíì rí ẹlòmíràn tó fi ìkọ̀wé náà kọ ohunkóhun tó ní ọjọ́ lórí. Ìkọ̀wé tí wọ́n ti lò fún ohun tó ju 3,000 ọdún lọ dákẹ́. Òkúta wà, àwòrán wà, tẹ́ńpìlì dúró gangan. Ẹni tó lè kà á ni kò sí mọ́. Ọdún 1,428 kọjá kí Champollion, ọmọ Faransé, tó rí ojútùú rẹ̀ ní 1822. Kí ni ó sì ràn án lọ́wọ́? Yàtọ̀ sí òkúta Rosetta, èdè Coptic ni, ọmọ ìkẹyìn èdè Íjíbítì, tí ìjọ Kírísítì ń lò nínú ìsìn wọn. Ìyẹn ni pé ẹnu ẹ̀sìn tó gba ilé lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ti padà rí ọ̀rọ̀ wọn kó jọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ara wa. Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ wà ní ilé gbogbo. Èdè rẹ̀ dùn, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, Èṣù ni wọ́n pe Sátánì. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ìwé yẹn nìkan ni ó kù tí àwọn ọmọ wa yóò fi mọ ọ̀rọ̀ wa, Èṣù Ọ̀dàrà, ẹni tó ń gbé ẹbọ lọ sí òde ọ̀run, yóò di ọ̀tá ènìyàn títí láé, kò sì ní sí ẹni tí yóò lè jiyàn rẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì ní òkúta tó ń dúró de Champollion. Àwa kò ní òkúta. Ọpọlọ àwọn àgbà ni ògiri tí a kọ ọ̀rọ̀ wa sí, ògiri náà sì ń wó lójoojúmọ́.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Baba awo kan wà ní abúlé kan lẹ́bàá Ìkọ̀lé. Ó mọ ẹsẹ̀ Ọ̀yẹ̀kú Méjì tí n kò gbọ́ lẹ́nu awo mìíràn rí. Ẹ̀ka-èdè tiwa ni ó fi ń kì í: kì í pe ilé ní ilé, ulé ni, kì í pe iná ní iná, uná ni. Àwọn ọmọ awo kan a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n a ní baba kò mọ Yorùbá tó wà nínú ìwé. Wọn kò mọ̀ pé àwọn Ígálà náà ń pe iná ní úná. U tó wà lẹ́nu baba náà, ó ṣeé ṣe kí ó ti wà kí Yorùbá àti Ígálà tó pínyà. Èdè ìwé ni ó sọ ọ́ nù. Ẹni tó ń wá ohun àtijọ́ lọ sí etí Náílì, ohun àtijọ́ jókòó sórí àga níwájú ilé baba náà. A jọ fohùn ṣọ̀kan pé bí a bá ti jẹ iṣu tuntun, n óò wá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, mo sún un síwájú. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ín, mo wà níbi àpérò kan, mo ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn èdè tó ti kú. Ẹ̀bi mi ni, n kò sì ní ẹni tí n óò dì í rù.

Ilẹ̀ wa yìí kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Nínú Ìwòrì Méjì, Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ. Alárá, Ajerò àti Ọlọ́yẹ́moyin wà lára wọn. Nígbà tí Olówò, àbíkẹ́yìn, kọ̀ láti bọ̀wọ̀ fún baba rẹ̀, Ọ̀rúnmìlà fi ayé sílẹ̀. Ayé dàrú. Àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́, kò padà, ṣùgbọ́n ó fún wọn ní ikin mẹ́rìndínlógún. Orí ìtàn yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wa dúró lé. Ìlú tí a dárúkọ níbẹ̀ kò sí ní Íjíbítì. A lè wọ ọkọ̀ láti Ìkọ̀lé, kí a dé Ọyẹ́ kí oòrùn tó gun orí. Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá pé ó wà lára àwọn iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ọmọ aráyé. Kò sí ẹni tó béèrè ìwé ẹ̀rí ìbí Íjíbítì lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Andrew Apter, ará Amẹ́ríkà, la òkun kọjá wá jókòó sí Ayédé kí ó lè mọ bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òrìṣà àti ọba ṣe ń bára wọn lò. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1992. Ọmọ Ayédé wà lónìí tó ń fi fóònù wo Gísà, tí kò tíì tẹ̀lé àwọn Ọlọ́yemọja lọ sí odò rí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Àkọ́kọ́, kí ìjúbà wa wà bí a ṣe jogún rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn Íjíbítì, kí ó kà á dáadáa, kí ó sì wá kọ́ wa. Ṣùgbọ́n kí a má fi orúkọ tí awo wa kankan kò fi lé wa lọ́wọ́ sínú ìbà. Ìkejì, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ nípa orírun wa wá, kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, ibo ni a ti rí i, ọdún wo sì ni? Ọ̀rọ̀ tí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a fi sí ẹ̀gbẹ́ kan ná.

Ìkẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Láti oṣù tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó, Ìrè, Ìlúpéjú àti Ayédé yan ọ̀dọ́ méjì méjì tí yóò máa tọ àwọn àgbà lọ. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa tó fún iṣẹ́ náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà náà àti ìdílé rẹ̀. Kí wọ́n pe ọjọ́, ìlú, odù, àti orúkọ ẹni tí àgbà náà ti kọ́ ọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe pè é, pẹ̀lú àmì ohùn. Bí ó bá ní ulé, kí wọ́n kọ ulé. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ìdílé, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ọ̀kan ní ilé ìkàwé yunifásítì, bí ìdílé bá gbà. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọyẹ́ láti 2011. Ohun tó jẹ́ ti inú igbódù, kí ó wà nínú igbódù: àgbà ni yóò sọ ohun tí etí lè gbọ́ àti èyí tí kò gbọdọ̀ gbọ́, a kò sì ní bá a jiyàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba Íjíbítì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan lẹ́bàá pírámíìdì Gísà, kí ayé lè wá wo ohun ìní wọn ní ilẹ̀ wọn. Wọ́n ṣe é fún ẹ̀sìn tó ti dákẹ́. Tiwa kò tíì dákẹ́. Kò gba ilé ńlá kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀. N kò ní kí ó pa ìwé Íjíbítì rẹ̀ tì. Mo fún un ní orúkọ àgbà mẹ́ta tí wọ́n ṣì wà láàyè láàárín Ìkọ̀lé àti Ọyẹ́, mo sì ní kí ó ṣe fún wọn ohun tí Merer ṣe fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: kí ó kọ iṣẹ́ òòjọ́ wọn sílẹ̀. Ọjọ́rú tó kọjá ni ó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tó dé, ó ní, "Bàbá, odù kan ṣoṣo ni wọ́n kì láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, wọn kò sì tíì parí rẹ̀."

Kí wọ́n pẹ́ fún wa. Kí a má pẹ́ jù kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.